Charge: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan, Ẹrù Oríṣiríṣi

Ní ọjọ́ tí a gbé ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, nọ́ọ̀sì tí ó gba káàdì lọ́wọ́ wa sọ pé kí a tó lè rí bẹ́ẹ̀dì, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ rí in-charge. Màmá, tí inú ń run, tí wọ́n fi ìdí lé etí bẹ́ǹṣì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fà mí lápá aṣọ, wọ́n sì rọra bi mí léèrè pé, "Àjàní, eélòó ni ṣáàjì ọ̀hún?" Mo ní kì í ṣe owó, ènìyàn ni, nọ́ọ̀sì àgbà tí wọ́ọ̀dù wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Màmá mi orí. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà tí ọmọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dìde, tí ó ní òun ń lọ ṣáàjì fóònù òun níta, ni màmá bá tún kọjú sí mi: "Òun náà ń lọ rí nọ́ọ̀sì àgbà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ìbéèrè màmá mọ́gbọ́n wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, charge tí ó di ṣáàjì lẹ́nu wa, ni a fi ń pe owó tí oní-POS ní Tákíè ń yọ lórí owó ẹni, òun náà ni a fi ń pe iná tí à ń kó sínú fóònù, òun ni ọlọ́pàá fi ń pe ẹ̀sùn, òun náà sì ni àwọn pásítọ̀ fi ń pe ọ̀rọ̀ ìyànjú tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ àlùfáà. Ẹni tí kò ka ìwé ń ṣì í gbọ́, ẹni tí ó kàwé pàápàá ń ṣì í lò. Èrò mi ni pé gbogbo ìtumọ̀ wọ̀nyí, bí ó ti wù kí wọ́n jìnnà sí ara wọn tó lójú, agbo ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, ẹrù sì ni orúkọ agbo ilé náà. Bí ènìyàn bá ti lè béèrè irú ẹrù tí wọ́n ń sọ, tí ó sì mọ orí ẹni tí wọ́n gbé e lé, kò ní í ṣìnà púpọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, carrus, tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí ń gbé ibi tí a mọ̀ sí ilẹ̀ Faransé lónìí. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹran ọ̀sìn ń fà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Láti ara kẹ̀kẹ́ yìí ni èdè Látìnì ti fa ọ̀rọ̀ ìṣe kan yọ nígbà tí ó yá, carricare, èyí tí í ṣe kí a di ẹrù sórí kẹ̀kẹ́. Nígbà tí ó fi máa dé ẹnu àwọn Faransé, ó ti di chargier. Ní ọdún 1066, àwọn Nọ́mánì tí ń sọ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n jókòó sórí àlééfà, èdè wọn sì di èdè ààfin, èdè ilé ẹjọ́ àti èdè ẹni tí ń gba owó orí. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni charge ti wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tí a mọ̀ dáadáa kò kéré. Car tí à ń wọ̀, cargo tí ọkọ̀ ojú omi ń kó, carry tí í ṣe kí a gbé nǹkan, ìdí kẹ̀kẹ́ ẹrù yìí kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀.

Yorùbá kò sì jìnnà sí ọ̀nà yìí rárá. Àwọn baba wa kì í fi kẹ̀kẹ́ kó ẹrù. Orí ni wọ́n fi ń rù ú, ọrùn ni ó sì máa ń ro ẹni tí ó bá rù ú jìnnà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé gbèsè wà lọ́rùn ẹnì kan, pé bùkátà ilé wà lọ́rùn àrẹ̀mọ, pé ọ̀ràn tí ẹnì kan kò dá ni wọ́n gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Owó, iṣẹ́, ẹ̀sùn: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní charge, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni àwa ń gbé kọ́ ọrùn. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá dé ibi tí Sítéfánù ti ń bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tí ń sọ ọ́ ní òkúta, níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti lo charge, wọn kò wá ọ̀rọ̀ àjèjì kankan kiri. Ohun tí wọ́n kọ ni pé kí Olúwa má ka ẹ̀ṣẹ̀ náà sí wọn lọ́rùn. Ní tèmi, n kò rò pé a lè túmọ̀ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtumọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wa ni ti owó. Bí oníṣòwò bá charge ènìyàn, ó ka owó kan sí i lọ́rùn tí ó gbọ́dọ̀ san kí ó tó kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi di Yorùbá, a ti fún un ní ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì kò fún un. Lẹ́nu wa, ọjà ní iye, iṣẹ́ ní owó iṣẹ́, ṣáàjì sì ni owó tí ó gun owó mìíràn lẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó ń bi alátà ní Ọjà Jagun pé eélòó ni ṣáàjì ata. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ gba ₦5,000 lọ́wọ́ oní-POS, ṣáàjì ni à ń kọ́kọ́ béèrè.

Ti báǹkì ni ó tún lọ́jú pọ̀. Ní ọdún 2020, ẹni tí ó bá fi ₦20,000 ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn lè rí i pé ₦26.88 ti bá a lọ, tí yóò sì máa ṣe kàyéfì pé irú iye wo ni èyí. Ìlànà tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ni pé báǹkì lè gba ₦10 lórí owó tí kò bá ju ₦5,000 lọ, ₦25 lórí èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ₦50,000, àti ₦50 lórí èyí tí ó bá tún ju ìyẹn lọ. Ní oṣù kejì ọdún náà ni VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà àti iṣẹ́, kúrò ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó di 7.5. Bí ẹ bá ṣírò 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦25, tí ẹ sì fi kún ₦25 náà, ₦26.88 ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ti báǹkì ni ₦25, ti ìjọba ni ìyókù. Ẹrù ẹni méjì ni wọ́n dì sínú àpò kan, tí wọ́n wá kọ charge sí lára. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé ti ta ni, nítorí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ́.

Láti orí owó, kí a padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tí ó ti wúwo, ìyẹn gan-an sì ni in-charge: ẹni tí ibi tí ó wúwo nínú iṣẹ́ náà wà lórí rẹ̀. Bí ògùn bá tán ní wọ́ọ̀dù, òun ni wọn yóò bi. Bí aláìsàn bá sọnù, òun ni yóò ṣàlàyé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àṣẹ ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, pé in-charge ni ọ̀gá. Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù ni ó ṣáájú, nítorí ẹrù náà ni wọ́n ṣe fún un ní àṣẹ. Níbi yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ti dẹ pàkúté kékeré kan sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé nọ́ọ̀sì kan wà in charge of ọmọ ọwọ́ kan, nọ́ọ̀sì ni ó ń tọ́jú ọmọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi the sí àárín, tí wọ́n ní ẹnì kan wà in the charge of ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá: ẹni tí a kọ́kọ́ dárúkọ ti di ẹrù, ẹlòmíràn náà sì ni ó rù ú. Mo ti rí lẹ́tà ìbẹ̀wẹ̀ fún iṣẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ, tí ó fẹ́ fọ́nnu pé òun ti ṣe olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ogójì rí. The kan ṣoṣo ni ó fi sí ibi tí kò yẹ, ó sì di pé àwọn ọmọ ogójì náà ni ó ń tọ́jú rẹ̀.

Ti àwọn oníjọ kò gba àlàyé púpọ̀. Ní ìlú yìí tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti rinlẹ̀, tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà wọn sílẹ̀ ní ọdún 1898, ẹni tí ó bá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ènìyàn jẹ àlùfáà á gbọ́ kí wọ́n pe àgbà kan láti sọ charge fún àlùfáà tuntun náà, wọn a sì tún pe ẹlòmíràn láti sọ ọ́ fún ìjọ. Ìyànjú ni, ìkìlọ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwàásù lásán. Wọ́n ń di ẹrù iṣẹ́ náà rù ú ní ojú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì ń sọ fún ìjọ pé àwọn náà ní ibi tí wọn yóò ti bá a gbé e.

Ibi tí àṣìgbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń ná ènìyàn ní nǹkan ni àgọ́ ọlọ́pàá. Mo mọ arákùnrin àgbẹ̀ kan ní àdúgbò wa tí wọ́n mú ọmọ rẹ̀ nítorí ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ó dé àgọ́ náà, ọlọ́pàá tí ó wà ní káńtà sọ fún un tààrà pé, "Bàbá, a máa charge ọmọ yín lọ́la." Ó dúpẹ́, ó forí lé ilé, ó sì fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wá owó kiri láti ojúlé dé ojúlé, nítorí ohun tí ó gbọ́ ni pé iye kan ni wọn yóò dá lé òun ní òwúrọ̀. Agogo mẹ́jọ ni ó dé ibẹ̀ pẹ̀lú owó nínú ọ̀rá dúdú, wọ́n sì ní ọmọ rẹ̀ ti wà ní kóòtù. Ọmọ náà kò ní agbẹjọ́rò, kò ní oníduúró, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú.

Ní ẹnu ọlọ́pàá àti ní kóòtù, charge ni ẹ̀sùn tí a kọ sílẹ̀, tí ó ní orúkọ ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn, ọjọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ àti apá ibi tí wọ́n ní ó ti rú òfin, tí a sì gbé lọ sí iwájú adájọ́. Ó yàtọ̀ sí kí wọ́n mú ènìyàn, nítorí ọlọ́pàá lè mú ẹnì kan, kí wọ́n wádìí, kí wọ́n má sì fi ẹ̀sùn kankan kàn án títí wọn yóò fi ní kí ó máa lọ sílé. Ó tún yàtọ̀ gédégédé sí ìdájọ́. Bí wọ́n bá ní wọ́n ti charge ẹnì kan, kò túmọ̀ sí pé ó jẹ̀bi, kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n ti ní kí ó san owó ìtanràn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹrù náà kà á lórí ni, iṣẹ́ ẹni tí ó gbé e kà á lórí sì ni láti fi ẹ̀rí hàn pé tirẹ̀ ni. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ọ́ kedere ní abala 36(5) pé ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ni a ó kà sí aláìṣẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá fi hàn pé ó jẹ̀bi.

Abala 36(6) tí ó tẹ̀ lé e ni ó kan ọ̀rọ̀ arákùnrin àgbẹ̀ yìí àti ọmọ rẹ̀ gan-an. Ó ní ẹ̀tọ́ ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn ni pé kí wọ́n tètè sọ ohun tí ẹ̀sùn náà jẹ́ fún un, ní kíkún, ní èdè tí ó gbọ́, àti pé bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ ní kóòtù, kí wọ́n fún un ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kódà kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù, abala 35(3) ti ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ní èdè tí ó gbọ́. Yorùbá jẹ́ èdè tí bàbá yìí gbọ́. Charge tí a sọ sí àárín gbólóhùn Yorùbá, tí ìyókù gbólóhùn náà sì jẹ́ Yorùbá kedere, kì í ṣe èdè tí ó gbọ́. Ó kàn jọ ọ́ ni. Bí ọlọ́pàá náà bá ní, "A máa gbé ọmọ yín lọ sí kóòtù lọ́la, a ti fi ẹ̀sùn kàn án," agbẹjọ́rò ni bàbá yìí ì bá wá lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kékeré tí ó bá tẹ̀ lé charge tún máa ń yí i padà, ó sì yẹ kí ẹni tí ń ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì máa ṣọ́ ọ. Bí for bá tẹ̀ lé e, owó ni wọ́n ń sọ. Bí with bá tẹ̀ lé e, ẹ má tíì yọ̀, ẹ má sì tíì sunkún, nítorí iṣẹ́ àti ẹ̀sùn ni ó jọ ń lo with. Bí wọ́n bá charge kọmíṣọ́nnà kan with àbójútó ojú ọ̀nà, wọ́n fi iṣẹ́ rán an ni. Bí wọ́n bá charge é with jíjẹ owó ojú ọ̀nà, kóòtù ni ó ń lọ. Ó sì lè jẹ́ kọmíṣọ́nnà kan náà, ní ọdún méjì sí ara wọn.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ẹrù gbà dé ọ̀dọ̀ iná mànàmáná ni ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀, ìbọn ni ó sì gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ìlú tí ọdẹ tẹ̀ dó ni Ògbómọ̀ṣọ́, a kò sì tíì ṣe aláìní ọdẹ títí di òní. Ẹni tí ó bá ti dúró ti ọdẹ onísakabùlà rí á mọ̀ pé kò lè yìnbọn láìkọ́kọ́ kì í: á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀ gírígírí, á kó ọta tẹ̀ lé e. Ìwọ̀n ẹ̀tù tí ó tó yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ni ẹrù ìbọn, Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè é ní charge.

Ní ọdún 1745 sí 1746 ni àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù ṣe àwárí ìgò kan tí wọ́n fi orúkọ ìlú Leiden ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì pè, ìgò tí ó lè gba iná mànàmáná dúró, tí yóò sì tú gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí a bá fọwọ́ kàn án bí kò ṣe yẹ. Kò pẹ́ tí ìgò yìí fi dé ọwọ́ Benjamin Franklin ní Amẹ́ríkà, tí ó sì ń fi í ṣe ìwádìí kí àwọn ọdún 1740 tó parí. Ohun tí à ń kì nǹkan sí nínú, tí yóò sì dún pàà, tí yóò tanná yẹ̀rì nígbà tí ó bá jáde, kí ni ó tún jọ bí kò ṣe ìbọn? Ọ̀rọ̀ onísakabùlà náà ni wọ́n lò fún un: wọ́n ní àwọn ti charge ìgò. Franklin tún to irú ìgò bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó sì pe àkójọ wọn ní battery, orúkọ tí àwọn ológun ń pe ọ̀wọ́ ìbọn àgbá tí wọ́n tò sójú kan. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Under G, àdúgbò kan ní ìlú yìí, bá ní òun fẹ́ ṣáàjì bátìrì òun, ọ̀rọ̀ ogun méjì ni ó sọ tẹ̀ léra wọn láìmọ̀.

Ẹ wo ilé ìṣáàjì kan ní àdúgbò náà. Pákó gígùn kan ni wọ́n kàn mọ́ ògiri, sọ́kẹ́ẹ̀tì sì tò sí i lára bí ìlẹ̀kẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ń bú ramúramù lẹ́yìn ilé, gbogbo fóònù ni ó sì ní bébà pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, nọ́ńbà lára rẹ̀, irú nọ́ńbà kan náà lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó wà níbẹ̀ kì í wo ojú oníbàárà, nọ́ńbà ni ó ń wò. Ó yọ ẹyọ kan, ó tẹ̀ ẹ́ kí iná rẹ̀ tàn, ó ní, "Mẹ́tàdínlógún, tiyín ti fúùlù." Ohun tí ó pè ní fúùlù yẹn ni gbogbo wa ń rò pé iná ni ó ti kún inú fóònù bí omi ṣe ń kún kèrègbè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù tí ó fúùlù àti fóònù tí ó ti kú, iye ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù, èròjà tíntìntín tí ń gbé iná mànàmáná, tí ó wà nínú wọn kò yàtọ̀. Ohun tí ṣáàjà ń ṣe ni pé ó ń ti èròjà lítíọ́ọ̀mù inú bátìrì náà láti ìhà kan lọ sí ìhà kejì, níbi tí kì í wù ú láti gbé, bí ìgbà tí a bá ń ru àpò gaàrí gun òkè. Nígbà tí a bá ń lo fóònù, ó ń padà sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí ó ti wá, sísọ̀ tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn ni ó sì ń fún wa ní agbára.

Àwọn onímọ̀ físíìsì tún ní charge tiwọn, èyí tí kì í ṣe kíkì mọ́ bí kò ṣe ìwà tí ó mọ́ èròjà lára, tí ó fi ń fa òmíràn mọ́ra tàbí kí ó tì í sẹ́yìn. Franklin náà ni ó pín in sí ti àròpọ̀ àti ti àyọkúrò. Coulomb ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bátìrì tí wọ́n kọ 5000 mAh sí lára lè gbé 18,000 coulomb kọjá kí ó tó kú. Ohun tí nọ́ńbà mAh ara páálí fóònù yín ń sọ nìyẹn, iye ẹrù tí bátìrì náà lè rù.

Ẹ tún wo káàdì ríṣáàjì, tí kò ní iná kankan nínú. Re tí ó ṣáájú rẹ̀ ń sọ pé kí a tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí náà ríṣáàjì ni kí a tún ẹrù dì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kò fi bẹ́ẹ̀ sọ pé àwọn ríṣáàjì mọ́. Wọ́n ní àwọn ti lóòdù káàdì. Load ni ẹrù ní Gẹ̀ẹ́sì pọ́nńbélé. Láìsí ẹni tí ó kọ́ wọn ní Látìnì, wọ́n ti rin ọ̀rọ̀ náà padà dé ìdí kẹ̀kẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtumọ̀ kan ṣẹ́kù tí ó dà bí àlejò láàárín àwọn yòókù, ti kí ènìyàn tàbí ẹranko ya lu ẹlòmíràn, tí at sábà máa ń tẹ̀ lé. Àwọn ológun ẹlẹ́ṣin ni ó sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Wọn a kọ́kọ́ gbé ọ̀kọ̀ sí ipò tí ó yẹ, wọn a wá rọ́ lu ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa níbí, àgbò ni ó ṣàlàyé rẹ̀ jù. Àgbò tí ó fi ẹ̀yìn rìn, agbára ni ó lọ mú wá, ìgbà tí ó bá sì dì í tán ni ó ń bọ̀.

Ó wá ku discharge. Bí charge bá jẹ́ kí a di ẹrù, dis tí wọ́n fi ṣáájú rẹ̀ ni ọwọ́ tí ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìbọn tí ó yìn ti sọ ẹrù rẹ̀. Egbò tí ó ń ṣọyún ń sọ tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó bá ṣe ojúṣe rẹ̀ tán ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní àlàáfíà. Ní kóòtù, ó yẹ kí a tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, nítorí bí adájọ́ bá discharge ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn nìkan, ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn gbé ẹrù náà kúrò lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì tún lè padà wá gbé e kà á lórí. Bí adájọ́ bá fi acquitted kún un lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́, ó dá a láre nìyẹn, abala 36(9) òfin yẹn sì ní a kò gbọ́dọ̀ tún gbé e lọ sí kóòtù lórí ọ̀ràn kan náà, àfi bí kóòtù tí ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ bá pa á láṣẹ. Ẹbí tí ó bá gbọ́ discharged, tí wọ́n sì ti ń gbé ìlù jáde, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò wọn bóyá ọ̀rọ̀ kejì wà níbẹ̀.

Ní ti ilé ìwòsàn, ọjọ́ kẹrin ni dókítà wọlé, tí ó ní òun ti discharge màmá. Kí n tó la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀, màmá ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà wọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n yíjú sí nọ́ọ̀sì àgbà, wọ́n ní, "Ìyá ṣáàjì, ẹ ṣeun o. Ṣé díṣáàjì tí dókítà wí yìí ní ṣáàjì nínú?" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ sí fèrèsé tí akápò jókòó sí. Ìlà mẹ́fà ni ó wà lórí ìwé tí wọ́n fún mi níbẹ̀, mo sì ka charge lẹ́ẹ̀mẹta nínú rẹ̀. Màmá wo ìwé náà, wọ́n wò mí, wọ́n gbé àpò aṣọ wọn, wọ́n sì fi kọ́ mi lọ́rùn.